Òògùn Imú Mojísọ́lá

Àbúrò mi ni Mojísọ́lá. Èmi Comfort ni mo pọ̀n ọ́n dàgbà nílé bàbá wa ní Ìsàlẹ̀-Afọ́n ní Ògbómọ̀ṣọ́, nítorí náà tí ẹ bá gbọ́ tí mò ń bú u nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má wulẹ̀ dá mi lẹ́kun. Mo lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ẹlòmíì ni kò gbọdọ̀ bú u lójú mi.

Tíṣà ni. Ó ti ń kọ́ àwọn ọmọ aláàkọ́bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ṣì ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ̀wé sójú pátákó dúdú, ó sì gbà pé eruku ṣọ́ọ̀kì yẹn ló ba imú òun jẹ́. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí èmi mọ̀ ni pé imú ẹ̀ dí ní ọdún kan nígbà ọyẹ́, ó di pé kò lè sùn. Ó gbé òògùn ọ̀fìnkìn oníhóró mì títí, gbogbo ohun tí ìyẹn ń ṣe fún un kò ju pé ẹnu ẹ̀ á gbẹ, oorun á sì máa kùn ún níwájú àwọn ọmọ. Imú ò yà á sí. Ó wá lọ sí kẹ́mísì kan ní Ọjà Igbó, wọ́n fún un ní òògùn inú ìgò kékeré kan tí wọ́n ń kán sí imú. Ó kán an, wéré báyìí, imú ṣí. Ó sáré wá sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi láti wá mí sí mi létí. Mo bá a yọ̀.

Ẹ ò rí i, òògùn tó ń ṣí imú láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ nígbà yẹn, nígbà tó yá, kò bá a dé ìgbà tí wọ́n ń lu aago oúnjẹ ọ̀sán. Á kán an kó tó wọ kíláàsì, á tún kán an lẹ́yìn ìṣirò. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ìjọ Onítẹ̀bọmi, tí àwọn akọrin bá ti dìde, Mojísọ́lá á tẹrí ba sábẹ́ àga, á gbójú sókè díẹ̀, á kán an. Pásítọ̀ rò pé àdúrà ló ń gbà, ó tiẹ̀ fi í ṣe àpẹẹrẹ fún ẹgbẹ́ obìnrin lọ́jọ́ kan. Etí aṣọ ìró ẹ̀ ló máa ń di ìgò yẹn mọ́, níbi tí àwọn ẹlòmíì ń di owó sí. Tó bá gbàgbé ẹ̀ sílé, tó sì ti dé oríta Tákié, á gun ọ̀kadà padà lọ mú un. Ọmọbìnrin tó ń ta òògùn fún un sọ fún un pé, "Màmá, wọn kì í lo eléyìí ju ọjọ́ díẹ̀ lọ o." Ó ní kí ọmọ náà lọ ní irú imú òun ná, kó tó gba òun nímọ̀ràn.

Nígbà tí gbogbo nǹkan wá gbówó lórí, òògùn náà wọ́n bí ojú. Á dé Ọjà Igbó, wọ́n á ní kò wọlé. Wọ́n á mú òmíràn jáde tó jẹ́ pé tó bá kán an, omi lásán ni. Tí mo bá lọ ra òwú ní ọjà Àkẹ̀sán ní Ọ̀yọ́, fóònù mi á dún: "Sìsítà mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo kẹ́mísì ibẹ̀." Tó bá rí i níbì kan, á ra gbogbo èyí tí wọ́n ní. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní kó lọ gbin igi ẹ̀ sẹ́yìnkùlé. Ọjọ́ kan ló wá sọ ọ́ fún mi, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀rù ń ba òun pé imú òun máa dí pa lójú oorun lọ́jọ́ kan, kò sì ní ṣí mọ́. Mo ní kó yé sọ ìsọkúsọ.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Mojísọ́lá bí, Ẹniọlá. Ẹniọlá fẹ́ ọmọkùnrin kan ní ìlú Ọ̀yọ́, Mubaraq, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni, èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Musulumi ni wọ́n, àwa jẹ́ Onítẹ̀bọmi, a ò torí ìyẹn jà. Ọmọ ni wọn ò tètè rí. Ọ̀rọ̀ náà pẹ́ títí tí mo fi ń yẹra fún bíbéèrè, tí ìyá Mubaraq pàápàá, Alhaja Hajarat, kò fi béèrè mọ́. Àfi bí Ọlọ́run ṣe dá a, ọyẹ́ tó kọjá yìí ni Ẹniọlá bí obìnrin. Àwa sọ ọ́ ní Àánúolúwapọ̀, Alhaja ní Rahmat ni tàwọn. Ọ̀kan náà ni orúkọ méjèèjì, inú gbogbo wa dùn.

Èmi àti Mojísọ́lá la jọ lọ sí Ọ̀yọ́ láti lọ máa wẹ ọmọ. Ẹ̀yìn ògiri ni ilé Alhaja wà, àwọn náà ń wọlé wá láràárọ̀. Ọyẹ́ ọdún náà le. Eruku ń wọ ilé bí ẹni pé wọ́n ń fẹ́ ẹ sí i, ètè gbogbo wa là, imú ọmọ sì dí.

Ẹ̀yin tó bá ti tọ́mọ rí á mọ ohun tí mò ń sọ. Ọmọ tuntun ò mọ̀ pé èèyàn lè fi ẹnu mí. Tí Ẹniọlá bá fi ọmú sí i lẹ́nu, á fà á lẹ́ẹ̀kan, á fi sílẹ̀, á máa jà, ojú ẹ̀ á pọ́n. Ebi ń pa á, kò sì lè mu. Ìyá ẹ̀ ń sunkún, ọmọ ń sunkún. Mo fi róòbù pa àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀, mo gbé e ká inú ilé, kò tán. Ọmọ tí wọ́n fi omijé wá, kí ikun imú wá máa fìyà jẹ ẹ́ báyìí.

Àárọ̀ ọjọ́ kan, Alhaja wọlé, wọ́n bá Mojísọ́lá níbi tó na ẹsẹ̀ sí lórí àpótí, tó ń wẹ ọmọ. Wọ́n gbọ́ bí imú ọmọ ṣe ń dún. Wọ́n ní, "Ẹ gbé e wá, Ìyá Ẹniọlá, kí n bá a fa imú ẹ̀." Wọ́n ti ń fi omi yọ ẹnu. Bí àwọn ìyá wa ṣe ń ṣe é nìyẹn: wọ́n á fi ẹnu bo imú ọmọ, wọ́n á fa ikun náà jáde, wọ́n á tu ú dà nù. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá wa ṣe fún Mojísọ́lá lójú mi.

Ẹniọlá ti sáré gba ọmọ ẹ̀ mọ́ra, pẹ̀lú omi lára. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ má bínú sí mi. Wọ́n sọ fún wa níbi tí a ti ń lọ gba ìtọ́jú oyún pé ká má fi ẹnu fa imú ọmọ mọ́. Wọ́n ní kòkòrò máa ń wà lẹ́nu àgbàlagbà."

Alhaja wo Mojísọ́lá. Wọ́n ń retí kó bá ọmọ ẹ̀ wí. Àbúrò mi, tíṣà paraku, ó ní, "Alhaja, wọ́n máa ń sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́."

Alhaja ní kò burú. Wọ́n ní ẹnu yìí náà ni àwọn fi fa ti Mubaraq. Wọ́n fi ìborùn wọn nu ẹnu, wọ́n padà sílé wọn. Ọ̀rọ̀ náà ò dùn mọ́ mi nínú, mo sì sọ ọ́ fún Mojísọ́lá.

Aṣọ ìró Mojísọ́lá ti tutù nídìí ọmọ wíwẹ̀, ló fi tú ìgò òògùn ẹ̀ kúrò létí aṣọ. Ó kán tiẹ̀ sí imú lójú Ẹniọlá, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ọlọ́run ṣeun." Ó gbé ìgò náà sójú fèrèsé. Èmi àti òun kó àwọn aṣọ ìlédìí tí a ti fọ̀, a lọ ń sá a sẹ́yìnkùlé. A pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, nítorí a dúró ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ Alhaja.

Nígbà tí a padà wọlé, ilé dákẹ́. Ọmọ ń sùn. Ẹniọlá jókòó tì í, ojú ẹ̀ ti tòrò. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo lọ wá nǹkan jẹ. Mojísọ́lá ń palẹ̀ yàrá mọ́, mo sì ń gbọ́ bí imú ẹ̀ ṣe tún bẹ̀rẹ̀ sí í dí, tó ń fa nǹkan kùn kùn. Ó dé ojú fèrèsé, kò rí nǹkan kan.

"Ẹniọlá, o ò rí òògùn mi?"

"Òun nìyí, Màmá." Ó yọ ọ́ lábẹ́ ìrọ̀rí, ó nà án sí ìyá ẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín. "Mo kán an sí imú Àánú. Ẹ wò ó bó ṣe ń sùn."

Mojísọ́lá ò gba ìgò náà. Ó ní, "O kán an báwo?"

"Ó kọ́kọ́ ń jà, ó ń dà nù. Mo wá tún un kán sí ihò méjèèjì. Ìgbà yẹn ló tó dákẹ́."

Mo rí ojú àbúrò mi. Láti ọdún tó ti ń ra òògùn yẹn, ó ti mọ ohun tí wọ́n kọ sára páálí ẹ̀ lórí bí ẹni mọ orin ìsìn: wọ́n ní kí á má fi fún ọmọdé. Ó tẹ̀ síwájú, ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọmọ. Ẹsẹ̀ náà tutù, bẹ́ẹ̀ aṣọ òtútù wà lára ẹ̀. Ó gbé apá ẹ̀ sókè, apá náà bọ́ sílẹ̀ fúnra ẹ̀. Ó pè é, ó gbọ̀n ọ́n díẹ̀. Mo ti dé ibẹ̀ nígbà yẹn, mo gba ọmọ, mo fi ìka ta á látẹ́lẹsẹ̀. Ó la ojú díẹ̀, ó tún dì í. Mo gbé etí sí i ní imú. Èémí kan wá. Mo dúró, mi ò gbọ́ òmíràn. Mo ti figbe ta kí èkejì tó wá.

Ariwo tí mo pa ló mú Alhaja jáde. Omi ṣì wà lápá wọn, wọ́n ń ṣe àlùwàlá fún ìrun Àílà lọ́wọ́. Kẹ̀kẹ́ kan ń kọjá, mo dí ọ̀nà mọ́ ọn. Èmi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ oníkẹ̀kẹ́, àwọn mẹ́ta wà lẹ́yìn, ọmọ wà lọ́wọ́ Mojísọ́lá. Alhaja ń béèrè pé, "Kí ló ṣe é? Kí ló ṣe Rahmat?" Mojísọ́lá kàn ń fẹ́ atẹ́gùn sí ọmọ lójú, ó ń ra á láyà, ó ń sọ pé, "Mí. Mí, ìyá mi. Mí." Gbogbo kòtò tí kẹ̀kẹ́ bá kó sí, mo máa ń bojú wẹ̀yìn láti wò ó bóyá ó ṣì ń mí. Mo gbàdúrà tí mi ò mọ ohun tí mò ń sọ nínú ẹ̀.

Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì kan gba ọmọ lọ́wọ́ wa, ó sáré gbé e wọlé, a tẹ̀ lé e. Ó ń tú aṣọ lára ẹ̀ bó ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀. "Kí lẹ fún un?"

Ẹniọlá ní, "A ò fún un ní nǹkan kan. A kàn wẹ̀ ẹ́ ni."

"Kò sí àgbo? Kò sí òògùn kankan?"

"Kò sí."

Ojú Alhaja ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́. Inú bí mi, mo sì mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Àárọ̀ ọjọ́ náà ló ní ẹnu ìyá ọkọ òun ní kòkòrò, ó wá lọ fi ọwọ́ ara ẹ̀ dá irú èyí sílẹ̀. Tí ọ̀rọ̀ yẹn bá jáde, inú ilé yẹn ló máa gbé pẹ̀lú ẹ̀ títí ayé. Àmọ́ ọmọ ń kú lọ lórí tábìlì.

Dókítà dé. Ó ta tọ́ọ̀ṣì sí ọmọ lójú, ó béèrè bóyá ó já bọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, bóyá orí ẹ̀ gbá nǹkan. Ó gbọ́ àyà ẹ̀, ojú ẹ̀ yí padà. Ó sọ fún nọ́ọ̀sì pé ó lè jẹ́ pé àrùn ti wọ ọpọlọ, kí wọ́n tọ́jú abẹ́rẹ́ tí wọ́n máa fi fa omi láti inú ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ. Ọmọ tí kò tíì pé ogójì ọjọ́. Mojísọ́lá yíjú sí Ẹniọlá, ó wò ó, ó dúró dè é. Mo mọ̀ pé ó ń dúró dè é, nítorí mo rí bí ẹnu ẹ̀ ṣe là sílẹ̀ bí ìgbà tí ó ń bá ọmọ kíláàsì ẹ̀ wá ìdáhùn. Ẹniọlá bojú wolẹ̀.

Mojísọ́lá tẹ̀ síwájú. Ó ti já ìgò náà gbà lọ́wọ́ Ẹniọlá kí a tó sáré jáde, ó tú u kúrò létí aṣọ, ó gbé e sórí tábìlì. "Dókítà, ẹ dúró. Òògùn imú mi rèé. Wọ́n kán an sí i ní imú, ó pọ̀. Èmi ni mo kán an."

Alhaja ní, "Ẹ̀yin?"

"Èmi ni, Alhaja."

Mo ti la ẹnu. Àbúrò mi di ọwọ́ mi mú, èékánná ẹ̀ wọ̀ mí lára, mo sì pa ẹnu mi dé. Ẹniọlá bú sẹ́kún. Ẹkún náà pọ̀, ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀.

Dókítà ka ara ìgò náà, ó ní kí wọ́n gbé abẹ́rẹ́ yẹn padà. Gbogbo nǹkan tí wọ́n ń ṣe yí padà lójú ẹsẹ̀. Wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí i ní imú, wọ́n fi nǹkan gbígbóná wé e, wọ́n so ẹ̀rọ kan mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ tó ń ké bí ọkàn ẹ̀ ṣe ń lù. Dókítà ní òògùn àgbàlagbà ni, tó bá wọ inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ìkókó, oorun á máa gbé e lọ, ọkàn ẹ̀ á máa falẹ̀, èémí á máa dá dúró lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní kò sí òògùn kan tí àwọn máa fi fọ̀ ọ́ kúrò. Àwọn á máa ṣọ́ ọ ni, títí tí yóò fi kúrò lára ẹ̀. Mo bi í pé ṣé ó máa kúrò. Ó ní kí a máa gbàdúrà, mo sì kórìíra ìdáhùn yẹn.

Wọ́n ní kí a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mubaraq ti dé, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá náà, kò fẹ́ jókòó. À ń gbọ́ ẹ̀rọ yẹn láti ìta. Tó bá ké ní sísáré, a ó wo ara wa. Tó bá falẹ̀, èmi á dìde. Mojísọ́lá kúnlẹ̀ níwájú Alhaja lórí sìmẹ́ńtì. Alhaja ò gbé e dìde. Wọ́n ní, "Ìyá Ẹniọlá, ẹnu tèmi ni kòkòrò wà, àbí?" Wọn ò pariwo. Ó sàn kí wọ́n pariwo. Àbúrò mi ní kí wọ́n dárí ji òun. Wọ́n ní, "Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Tíṣà mà lẹ pe ara yín." Ẹniọlá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbẹ̀, ó ń gbọ́ ọ. Tí kì í bá ṣe pé ọyàn ẹ̀ ń kún, tí aṣọ ẹ̀ ń tutù, tí àánú ẹ̀ ń ṣe mí, ǹ bá ti gbá a létí.

Ohun tó bá ojú bá imú. Dókítà ti gba ìgò òògùn, imú Mojísọ́lá wá dí pátápátá, ó ń fi ẹnu mí, ètè ẹ̀ ti funfun. Kò lè gbé itọ́ mì kó má há a lọ́fun. Mo dìde, mo kọjá sí kẹ́mísì tó wà níwájú ọsibítù. Ẹ wá wo ayé: òògùn tó ti wá títí ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó tò lọ rẹrẹ lórí pẹpẹ níbẹ̀. Ẹni tó ń tà á ò tiẹ̀ bi mí ta ló fẹ́ lò ó. Mo rà á, mo gbé e wá fún un. Ó wò ó lọ́wọ́ mi. Ọwọ́ ẹ̀ jáde, ó tún fà á padà. Ó ní, "Ẹ gbé e kúrò níwájú mi, Sìsítà mi." Mo ní kó má pa ara ẹ̀. Ó ní tí ọmọ náà bá mí, òun náà á mí.

Ọjọ́ ti ń rọ̀ nígbà tí nọ́ọ̀sì ní kí ìyá ọmọ wá. Gbogbo wa la wọlé, kò sẹ́ni tó dá wa dúró. Àánú ti ń mi ẹsẹ̀. Ó rún ojú pọ̀, ó la ẹnu, kò kọ́kọ́ dún. Lẹ́yìn náà ló ké. Igbe náà kéré, ó gbẹ, àmọ́ igbe ebi ni, gbogbo abiyamọ ló mọ̀ ọ́n. Alhaja ní "Alihamudulilahi", wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nọ́ọ̀sì kán omi iyọ̀ sí imú ọmọ, ó fi rọ́bà kékeré kan fa ikun náà, ikun náà tẹ̀ lé e, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó gbé e fún Ẹniọlá. Ọmọ gba ọmú, ó fà á, ó ń mí, ó ń fà á. Mojísọ́lá dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, kò sún mọ́ wọn.

Wọ́n dá wọn dúró di ọjọ́ kejì kí ó lè dá wọn lójú. Kí wọ́n tó dá wa sílẹ̀, dókítà gbọ́ bí àbúrò mi ṣe ń mí, ó bi í pé ìgbà wo ló ti ń lo òògùn yẹn. Mojísọ́lá ní kí Ẹniọlá tó wọ iléèwé jẹ́lé-ó-sinmi ni. Dókítà mi orí. Ó ní ọjọ́ díẹ̀ péré ló yẹ kí èèyàn lò ó, tó bá ti pẹ́, òògùn náà gan-an ló ń dí imú padà, tí yóò sì máa béèrè fún ara ẹ̀. Ó ní tó bá lè fi sílẹ̀, yóò nira, ṣùgbọ́n imú á ṣí díẹ̀díẹ̀. Àbúrò mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ bí ọmọ iléèwé.

Nígbà tí a délé, Alhaja ní àwọn ni àwọn á máa wẹ Rahmat láti ọjọ́ náà lọ. Wọn ò bú ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní kí Ìyá Ẹniọlá lọ sinmi ní Ògbómọ̀ṣọ́, pé ó ti rẹ̀ wọ́n. Mubaraq bojú wolẹ̀. A di ẹrù wa. Ẹniọlá sìn wá dé ẹnu géètì, ó di aṣọ ìyá ẹ̀ mú, ó ní, "Màmá, màá sọ fún wọn. Màá sọ fún wọn lónìí."

Mojísọ́lá ní, "O ò ní sọ nǹkan kan. Ilé ọkọ lo wà, ibẹ̀ lo máa gbé. Èmi ní ilé tèmi tí mò ń lọ." Ó tú ọwọ́ ẹ̀ kúrò lára aṣọ òun. Kò béèrè pé kí wọ́n gbé ọmọ wá kí òun rí i kó tó lọ, nítorí ọwọ́ Alhaja ló wà.

Inú mọ́tò ni mo ti bú gbàù. Mo ní ẹni bímọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé kó tún gba orúkọ apànìyàn lé e. Mo ní wọ́n ti gba ọmọ-ọmọ ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ nítorí irọ́, ẹni tó ṣe é sì jókòó síbẹ̀ tó ń fún ọmọ lọ́mú. Obìnrin tó jókòó níwájú wa bojú wẹ̀yìn. Mo ní kó máa wo iwájú ẹ̀.

Àbúrò mi jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó ń fi ẹnu mí, ó ní láti dánu dúró kó tó lè sọ gbólóhùn kan parí. Ó ní, "Sìsítà mi, mi ò purọ́. Ta ló kọ́ ọ? Láti ìgbà tó ti wà lẹ́yìn mi ló ti ń rí mi tí mò ń kán an. Ó ń rí i pé mi ò lè mí, mo kán an, mo sì mí. Nígbà tí ọmọ tiẹ̀ ò lè mí, kí lẹ fẹ́ kó mú? Ẹ wá sọ fún mi pé èmi kọ́."

Mo di ọwọ́ ẹ̀ mú títí a fi dé Ògbómọ̀ṣọ́.

Kò kán an mọ́. Mo mú un wá sílé mi, nítorí ẹ̀rù ń bà mí láti jẹ́ kó dá sùn. Ó ń fẹ̀yìn ti ògiri sùn ní ìjókòó, ẹnu ẹ̀ á là sílẹ̀, á ta gìrì, á di ọrùn mú. Ẹ̀rù tó ti ń bà á látijọ́ náà ni, mi ò tún fi í ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ojú ẹ̀ wú, ohùn ẹ̀ yí padà, àwọn ọmọ kíláàsì ẹ̀ ń sín in jẹ. Mo ní kó jẹ́ kí n lọ ra ẹyọ kan. Ó ní tí mo bá rà á wọlé, òun á kó kúrò.

Ẹniọlá máa ń pè láàárọ̀, nígbà tí Alhaja bá lọ gbé omi wíwẹ̀ kaná. Mojísọ́lá kì í béèrè bóyá ọmọ ń sanra, kì í béèrè nípa Mubaraq. Ó máa ń sọ pé, "Gbé fóònù sún mọ́ imú ẹ̀." Á tẹ fóònù mọ́ etí, á gbé ọwọ́ sókè sí mi pé kí n má ṣe gbin. Ṣùgbọ́n èémí ẹnu tiẹ̀ fúnra ẹ̀ máa ń pariwo jù, kì í jẹ́ kó gbọ́. Ó wá di pé ó máa ń pa ẹnu ẹ̀ dé. Imú ẹ̀ dí, ẹnu ẹ̀ wà ní dídé, àbúrò mi ò ní mí rárá, á jókòó bẹ́ẹ̀ sétí bẹ́ẹ̀dì mi, iṣan ọrùn ẹ̀ á le, omi á dúró sí i lójú, títí tó fi máa gbọ́ tí ọmọ náà mí.